Ẹ̀wù Tí Kò Yẹ Kí Ó Kan Omi

Bí ẹ bá gbé aṣọ lọ bá Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ má ṣe wàhálà àtisọ ohun tó ta sí i. Kò ní gbọ́ tiyín. Á gbé aṣọ náà sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, á gbé e símú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ yín sí yín lọ́rùn: "Gírísì rèé. Èyí, ọ̀dà ni. Ta ní ní kí ẹ fara ti ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn? Èyí tó wà léjìká yìí, lọ́fínńdà obìnrin ni, kì í sì í ṣe ti ìyàwó yín, torí èmi náà ni mò ń fọ tìyàwó yín." Àwọn ọkùnrin àdúgbò bẹ̀rù imú obìnrin yìí ju bí wọ́n ṣe bẹ̀rù ọlọ́pàá lọ.

Ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ló ń gbé, yàrá méjì àti pálọ̀, àgbàlá ẹ̀yìn sì ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: ẹ̀rọ omi kan tí kì í yé kán, àwọn bàsíà ńláńlá, okùn ìsáṣọ tó gba àgbàlá já láti ògiri dé ògiri. Aṣọ oníkálukú ní òwú tirẹ̀. Kí aṣọ má baà ṣìlé, á fi abẹ́rẹ́ gán òwú kékeré kan sínú ọrùn rẹ̀ níbi tí ojú kò tó: pupa fún olùkọ́ tó ń gbé lókè, àwọ̀ ewé fún apoògùn, dúdú fún àwọn tí kì í tètè wá gba aṣọ wọn. Bó bá ṣan aṣọ tán, á yí ọrùn rẹ̀ padà, á wo òwú, á sì mọ ilé tó ń lọ. Òwú nìkan ló máa ń wò. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ náà débi pé ojú kì í bá a dá sí i mọ́.

Awakọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀. Rọra ni gbogbo ọgbà ọkọ̀ ń pè é, nítorí pé kì í sáré. Wọ́n ní bí Rọra bá kó tòmátò tí kò tíì pọ́n lóko, á ti pọ́n kó tó dé ọjà, èyí tó bá sì ti pọ́n tẹ́lẹ̀ á ti sọ ara rẹ̀ di ọbẹ̀. Òun náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ máa lọ ná. Èmi ṣáà ń délé."

Ìrọra yìí ló mú ajá wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú, kó tó gbéra, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sì bá ọmọ ajá kan tó ká kò sẹ́yìn táyà. Awakọ̀ mìíràn ì bá ti tẹ̀ ẹ́ pa. Rọra gbé e sínú ẹ̀wù rẹ̀ wálé.

"Kí lẹ gbé sáyà yẹn?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Àlejò ni."

"Àlejò tó ń jẹ bọ́tìnnì? Ṣé ẹ rí aṣọ funfun tí mo sá síta yìí? Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ ẹranko yìí? Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i o."

"Òjò ń rọ̀."

"Kò rọ̀ mọ́."

"Ó máa rọ̀," ni Rọra wí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Orúkọ tó sọ ajá náà tún dá ìjà mìíràn sílẹ̀. Àwọn alájọgbélé ń béèrè pé kí ni awakọ̀ tí kì í gbélé fẹ́ fi ajá ṣe, ni Rọra bá sọ ọ́ ní Kòkànyín. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi ohùn òkè pe ajá náà láti ẹnu ọ̀nà, ìyàwó olùkọ́ tó yọrí lójú fèrèsé lókè rò pé òun ló ń bá wí, ó pa fèrèsé dé gbàmù, kò sì kí wọn títí oṣù fi parí. Ìyá Alágbàfọ̀ bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wá orúkọ mìíràn nítorí oníbàárà. Ó ní orúkọ kì í ṣe aṣọ téèyàn ń pààrọ̀.

Ká sòótọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí ajá di ọmọ ilé. Ìta ló kọ́kọ́ ń sùn. Òjò gbé e dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn kò sì rántí dá a padà. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó dé pálọ̀, wọ́n ní kó lè máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Láti pálọ̀ ó dé ẹsẹ̀ ibùsùn, kò sì sí ilẹ̀kùn kankan tó ń ṣọ́ níbẹ̀. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, nọ́ọ̀sì tó wà ní ìlú tó jìnnà, bó bá pè lórí fóònù, á béèrè bàbá rẹ̀, á béèrè Kòkànyín, kó tó wá rántí pé òun ní ìyá. "Èmi lẹ máa ń bi gbẹ̀yìn," ni ìyá á wí, "èmi tí mò ń bọ́ àwọn méjèèjì." Òótọ́ sì ni, òun ló ń bọ́ ajá. Bó ṣe ń bọ́ ọ ló ń bú u: "Ọ̀lẹ! Alájẹkì! Ojú ẹ bí ojú ẹni tí wọn ò fún ní nǹkan rí. Wá jẹun kó tó tutù." Ọlọ́run nìkan ló mọ ìgbà tí tútù oúnjẹ ajá bẹ̀rẹ̀ sí í kan obìnrin náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, Kòkànyín á lọ jókòó sí oríta. Ó mọ ìró ọkọ̀ Rọra láàárín gbogbo ọkọ̀. Bí Rọra bá ti gbé ọkọ̀ sínú ọgbà tán, tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, àwọn méjèèjì á jọ máa bọ̀ wálé, ajá níwájú, ọkùnrin lẹ́yìn, táwọn èèyàn fi ń sọ pé ajá ló lọ mú ọkọ Ìyá Alágbàfọ̀ wálé. Obìnrin náà á gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí pèpéle. Kì í dìde. Á kàn sọ áyọ́ọ̀nù kalẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń rò pé ọkọ̀ ni yóò pa awakọ̀. Ọkọ̀ kọ́ ló pa Rọra. Ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní nǹkan ń ha òun láyà, ó ní kí òun jókòó ná. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọn kò sì gbé e padà wálé. Ó di gbéré, ó dojú àlá.

Ẹ̀wù tó bọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ṣì wà lẹ́yìn àga. Ajá fà á lulẹ̀, ó wọ́ ọ lọ sí igun pálọ̀, ó sì sùn lé e. Obìnrin náà rí i, ó sì gbálẹ̀ yí i ká. Ní ìrọ̀lẹ́, Kòkànyín á ṣì lọ jókòó sí oríta. Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, á dá wálé, á lọ gbé ẹnu lé ẹ̀wù. Ìyá Alágbàfọ̀ náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí kò bá sí èèyàn ní pálọ̀, á bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣa irun ajá kúrò lára ẹ̀wù náà, á wá fà á símú: epo dísù ọkọ̀, òógùn, àti súìtì tó ń ta lẹ́nu tí Rọra máa ń lá kí oorun má baà gbé e. Ọkọ rẹ̀ rèé. Á dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Àárò ọkùnrin náà ń sọ ọ́, àárò tó ń mú èèyàn gbé abọ́ méjì kalẹ̀ níbi tó yẹ kó gbé ọ̀kan. Ajá á máa wò ó, kò ní gbó. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìyá Alágbàfọ̀ fi ba tirẹ̀ jẹ́. Ilé ìtura kan tó wà nítòsí kó aṣọ ibùsùn rẹpẹtẹ wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n sì ń kánjú. Aṣọ kún pálọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń kó, ó ń rẹ, ó ń gbo, ó ń fún. Ohunkóhun tó bá ti jọ aṣọ tó dọ̀tí nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á ti he é. Kòkànyín ti jáde lọ nasẹ̀. Ẹ̀wù kan bọ́ sí obìnrin náà lọ́wọ́, ọrùn rẹ̀ dúdú, irun kún un. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i, torí ìdọ̀tí tó bá le ló ń dùn mọ́ alágbàfọ̀ tòótọ́. Ó fi ọṣẹ sí i, ó gbo ọrùn náà títí ó fi mọ́, ó ṣan án, ó rì í sínú sítáàṣì, ó fún un. Ó wá yí ọrùn rẹ̀ padà kó wo òwú.

Kò sí òwú.

Ó tún un yẹ̀ wò. Aṣọ tí kò bá ní òwú, kì í ṣe ti oníbàárà. Aṣọ ilé ni.

Ó jókòó sínú omi ọṣẹ tó dà sílẹ̀. Ó gbé ẹ̀wù náà símú, bóyá ó lè ku díẹ̀. Ọṣẹ ni. Ó mọ́. Ọlọ́run mi, ó mọ́ tónítóní.

Nígbà tí ajá wọlé, ó lọ tààrà sí igun rẹ̀, ó wá ilẹ̀ kiri. Ó jáde sí àgbàlá, ó bá ẹ̀wù náà lórí okùn, ó na imú sí i, ó sín. Ó yí po lábẹ́ rẹ̀, ó tún na imú, ó wá wo obìnrin náà lójú.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Alágbàfọ̀ wí. "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Kòkànyín, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é." Ó bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà ni ajá ti kọ oúnjẹ. Ó kọ ẹran, ó kọ búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sínú mílíìkì, kò sì lọ sí oríta mọ́. Ìyá Alágbàfọ̀ ṣí àpótí aṣọ ọkọ rẹ̀, ó kó ohun gbogbo sílẹ̀ níwájú ajá: ṣòkòtò, ẹ̀wù òtútù, fìlà, aṣọ ìrọ̀rí. Òun ló fọ gbogbo rẹ̀. Òun ló lọ̀ ọ́. Àní aṣọ ìrọ̀rí, ọjọ́ kejì ìsìnkú ló ti fọ̀ ọ́ nítorí àwọn tó ń bọ̀ wá kí i, kí wọ́n má baà ní ilé alágbàfọ̀ dọ̀tí. Bàtà, àwọn àbúrò ọkọ ti kó o lọ. Ajá gbóòórùn wọn níkọ̀ọ̀kan, ó yí orí kúrò. Ìgbà náà ló tó yé obìnrin náà pé òun ti fọ ọkọ òun tán kúrò nínú ilé, òun nìkan, bí ẹni ń ṣe iṣẹ́ rere.

Ìyàwó olùkọ́ sọ̀kalẹ̀ wá láti òkè, ó wo ajá, ó ní, "Ajá ṣáà ni, Ìyá. Ẹ ra òmíràn."

"Kò kàn yín," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dá a lóhùn, kì í sì í ṣe ajá ló ń pè lọ́tẹ̀ yìí.

Ọmọ rẹ̀ pè lórí fóònù. "Màámi, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀ọ́ o. Bàámi ti lọ, kí èyí náà tún má lọ." Kò rántí bi ìyá rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ le, ìyá kò sì bínú sí i.

Dókítà ẹranko náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tẹ ikùn ajá, ó wo ẹnu rẹ̀, ó gbọ́ bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù. Ó ní kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. "Ṣé ẹnì kan kúrò nílé ni, Mà?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn.

Ìyẹn kò yé dókítà, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n wá ohunkóhun tó lè mú ajá náà jẹun kíákíá, torí bó bá dùbúlẹ̀ báyìí díẹ̀ sí i, kò ní dìde mọ́.

Ibì kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n ti ta ọkọ̀ Rọra fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín ló fi ń kí èèyàn, ẹ̀rín ló fi ń dágbére. Ìyá Alágbàfọ̀ so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, ó mú un gba ọ̀nà ọgbà ọkọ̀. Níbi tó bá ti rẹ̀ ẹ́, á gbé e. Ẹni tó ń fún aṣọ ibùsùn tó rin gbingbin kò lè bẹ̀rù àtigbé ajá. Fífúyẹ́ rẹ̀ ló bà á lẹ́rù.

Ẹlẹ́rìn-ín rí wọn, ẹ̀rín rẹ̀ gé. "Ìyàwó wa, ṣé kò sí o?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ajá yìí wọ iwájú ọkọ̀."

Kò bi í léèrè ìdí. Ó ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ti tún ọkọ̀ náà kùn, ó ti rán aṣọ tuntun sára ìjókòó, ó sì so nǹkan olóòórùn dídùn kan rọ̀ níwájú, bí ẹni tó ra ohun tó wù ú ṣe máa ń ṣe. Ajá gbóòórùn ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, ìrù rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé e sókè. Ó gbóòórùn ìjókòó, ó gbóòórùn ilẹ̀, ó gbóòórùn ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà. Ìrù dúró. Ó jókòó síbẹ̀, ó sì hu ohùn kan tí kò jọ gbígbó.

"Kò sí nǹkan rẹ̀ kankan tó kù ni?" ni Ìyá Alágbàfọ̀ béèrè. "Nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọ̀?"

Ẹlẹ́rìn-ín fọwọ́ ra orí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn ìjókòó, ó fa àpótí irinṣẹ́ jáde, ó tú u. Nísàlẹ̀ rẹ̀, jáàkì wà nínú táwẹ́lì kan tó ti dúdú. "Táwẹ́lì yìí ni Rọra máa ń gbé kọ́rùn bí oòrùn bá mú. Mo fẹ́ fi nuwọ́ lọ́jọ́ kan, ọwọ́ mi kọ̀ ọ́. Ni mo bá dá a padà."

Obìnrin náà gbà á, ó gbé e símú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wá ẹnì kan tì rí, ẹ ó mọ ohun tó ṣe é. Dísù, òógùn, súìtì. Rọra wà níbẹ̀ lódindi, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ra omi. Ìyá Alágbàfọ̀ fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó ní, "Háà, ọkọ mi." Ẹlẹ́rìn-ín yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń yẹ táyà tí nǹkan kan kò ṣe wò.

Ẹ má bínú sí ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn. Nítorí ajá ló ṣe lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí nǹkan dé ọwọ́ rẹ̀, kò lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Ajá nà mọ́ ọn, obìnrin náà gbé táwẹ́lì sókè. Ó jẹ́ kó gbóòórùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì tì í bọ àpò. Nílé, ó wé e sínú ọ̀rá, ó di ẹnu rẹ̀, ó fi í sí ìsàlẹ̀ àpótí ní yàrá, ó sì ti àpótí. Èrò rẹ̀ kò burú lójú ara rẹ̀: itọ́ ajá á bà á jẹ́, irun á bò ó, láìpẹ́ òórùn á lọ, níbo la ó sì ti rí òmíràn? Ẹyọ kan ló kù láyé. Ó sọ fún Kòkànyín pé, "Màá máa ṣí i fún ẹ. Díẹ̀díẹ̀. Bí oògùn."

Ajá lọ dùbúlẹ̀ síwájú àpótí. Ó fi àgbọ̀n lélẹ̀, kò sì gbójú kúrò. Obìnrin náà ṣí i fún un, ó tún tì í. Ó ṣí i, ó tì í. Oúnjẹ wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, eṣinṣin ló ń jẹ ẹ́.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ṣí àpótí náà fún ara rẹ̀, kì í ṣe fún ajá, ká má parọ́. Iṣẹ́ pọ̀ níta. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú omi ni. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó tú ọ̀rá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé táwẹ́lì bojú.

Imú rẹ̀, tí kì í gbè lẹ́yìn ẹnikẹ́ni, sọ ọ́ fún un. Nǹkan mìíràn ti wọ ibẹ̀. Ó gbóòórùn àárín táwẹ́lì náà: Rọra. Ó gbóòórùn etí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ òun máa ń dì mú: ọṣẹ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ símú. Ọṣẹ tó ti wọ inú awọ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge ni, kò sì sí omi tó lè ṣan án kúrò. Gbogbo ìgbà tó bá di ọkọ rẹ̀ mú ló ń fọ̀ ọ́.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó wo ajá. Egungun ìhà rẹ̀ ti yọ. Ojú rẹ̀ wà lára táwẹ́lì, kò sì nà wá já a gbà. Ó ń dúró ni. Ó ṣe Ìyá Alágbàfọ̀ bíi kó tún un dì, kó tì í padà, kó ní ó di ọ̀la. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ ju ajá lọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín jẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ ti lọ, ẹni kan ṣoṣo tó kù nínú ilé tó ń wá a bí òun ṣe ń wá a sì ń kú lọ níwájú òun.

"Gbà," ni ó wí. "Gbà, ọ̀lẹ. Bàbá ẹ rèé."

Ó fi etí ìró rẹ̀ mú un, kí ọwọ́ má kàn án, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Kòkànyín gbé ẹnu lé e, ó mí kanlẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún mí òmíràn. Obìnrin náà lọ bu omi ẹran tuntun, ó ti abọ́ náà sún mọ́ ọn. Ajá lá a lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún lá a, ó wá jẹ ẹran tó wà nínú rẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò lórí táwẹ́lì.

Lẹ́yìnkùlé, ìyàwó olùkọ́ ń kanlẹ̀kùn pé òun wá gba aṣọ òun. Ìyá Alágbàfọ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kí ọṣẹ má baà kan ohunkóhun, ó sì na ọrùn, ó ń fi imú wá táwẹ́lì. Kò tó o. Ajá náà wò ó, ó sì sún fún un.